Ọlọ́kọ̀ àti Mẹkáníìkì Tí Omi Ń Bà Lẹ́rù

Inú ọkọ̀ ojú omi ni Jẹ́jẹ́ ti kọ́kọ́ rí obìnrin náà, àmọ́ orí ilẹ̀ gbígbẹ ni ọkọ̀ náà wà. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ló ń wọ́ ọ bọ̀ láàárín títì, obìnrin náà sì jókòó sínú rẹ̀, ó gbá etí ọkọ̀ mú bí ẹni pé ìgbì ti ń bì í. Àwọn aládùúgbò ń rẹ́rìn-ín. Ó bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ọwọ́ kúrò létí ọkọ̀.

Iwájú ṣọ́ọ̀bù Jẹ́jẹ́ ni wọ́n dúró sí. Mẹkáníìkì ni Jẹ́jẹ́. Nítorí pé kì í kánjú ni wọ́n ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà ṣàlàyé pé ẹja ẹlẹ́ja lòun ti ń bá wọn wọ̀n ní èbúté láti ọjọ́ yìí, ó ti sú òun, òun sì ti ra ọkọ̀ tòun, àmọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń fẹ́ àtúnṣe. Gúrúpà lòun fẹ́ máa pa, ẹja ńlá ẹlẹ́nu gbàgàdà tó ń gbé ihò àpáta nísàlẹ̀ agbami.

"Ṣé ibẹ̀ jìn?" Jẹ́jẹ́ bi í.

"Ó jìn débi tí ẹ ò ní rí ilẹ̀ mọ́."

Sípánà bọ́ lọ́wọ́ Jẹ́jẹ́. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lọ nígbà èwe. Títí dòní, tó bá ń kọjá lórí afárá, ojú ọ̀run ló ń wò.

Ọlọ́kọ̀, bí àdúgbò ṣe wá ń pè é, sọ ṣọ́ọ̀bù náà dilé. Tó bá ti kúrò níbi iṣẹ́, á jókòó sórí táyà, á máa so ìwọ̀ àti òjé mọ́ okùn, á sì máa ròyìn ohun tí àgbà apẹja kan kọ́ ọ: pé tí gúrúpà bá ti gbé ìjẹ mì, a kì í bá a ṣeré, kíá lèèyàn ń fà á sókè, torí tó bá ráyè wọ ihò rẹ̀, á fẹ ara rẹ̀ há síbẹ̀, okùn á sì já. Jẹ́jẹ́ á máa gbọ́, á máa nu irin tí kò dọ̀tí.

"Ẹ́ńjìnnì mi ń pẹ́ lọ́wọ́ ẹ o," Ọlọ́kọ̀ sọ lọ́jọ́ kan. "Àbí o fẹ́ fi ṣaya ni?"

"Ẹ́ńjìnnì kọ́ ni mo fẹ́ fi ṣaya." Ló bá tẹrí ba sídìí iṣẹ́, etí rẹ̀ gbóná.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá Ọlọ́kọ̀ wá. Opó ni. Òkun ló gbé ọkọ rẹ̀ lọ, wọn ò sì rí òkú rẹ̀ sin. Ó bẹ Jẹ́jẹ́ pé kó sọ fún ọmọ òun pé ẹ́ńjìnnì náà ti kú pátápátá.

"Ọmọ mi, mo mọ̀ pé o fẹ́ràn ẹ̀," ó ní. "Má fọwọ́ ara ẹ tì í sómi."

Ohun tí Jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀ ń bẹ̀rù gan-an nìyẹn. Tí ẹ́ńjìnnì bá kú lágbami, ta ló máa tún un ṣe? Nígbà tí Ọlọ́kọ̀ dé, ó pa irọ́ náà fún un.

Ọlọ́kọ̀ gun ọkọ̀ rẹ̀. Ó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì sì dáhùn. "Ìwọ tí mo fọkàn tán," ó ní. Ọjọ́ náà gan-an ló wọ́ ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, láàárọ̀, Jẹ́jẹ́ gbọ́ pé Ọlọ́kọ̀ ń lọ ságbami. Rọ́bà tó ń gbé epo wọ ẹ́ńjìnnì náà ti ń sán, òun ò sì tíì pààrọ̀ rẹ̀. Jẹ́jẹ́ tí kì í kánjú mú rọ́bà tuntun, ó sáré dé èbúté láìwọ bàtà. Ó bá Ọlọ́kọ̀ tó ń kó yìnyín sọ́kọ̀, ìyá rẹ̀ dúró tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ òkú.

Ó jẹ́wọ́ irọ́, ó jẹ́wọ́ rọ́bà, àmọ́ kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ìyá fúnra rẹ̀ ló ní òun lòun bẹ̀ ẹ́. Ọlọ́kọ̀ sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí Jẹ́jẹ́ lè ráyè sọ̀ kalẹ̀ sínú ọkọ̀. Nígbà tó pààrọ̀ rọ́bà náà tán, kò gòkè mọ́. Ó wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, ó jókòó.

"O mọ̀ pé a ò ní rí ilẹ̀?"

"Máa lọ kí n tó yí ọkàn padà."

Ilẹ̀ tín-ín-rín lẹ́yìn wọn títí ó fi pòórá. Jẹ́jẹ́ bì, ó tún bì. Ọlọ́kọ̀ dákọ̀ró sí òkè àpáta, ó ju ìwọ̀ sílẹ̀. Ó pẹ́ kí okùn tó le lójijì, tí ọ̀pá ìwọ̀ sì tẹ̀ kọdọrọ. Ó ní kí Jẹ́jẹ́ di òun mú. Jẹ́jẹ́ gbá a níbàdí, wọ́n jọ ń fà títí ẹja náà fi yọrí, ẹnu rẹ̀ bíi korobá.

Wọn ò ráyè yọ̀. Ojú ọjọ́ ti ṣú, atẹ́gùn ti yí. Ọlọ́kọ̀ fa ìdákọ̀ró, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó dákẹ́. Ìgbì gbá ọkọ̀ légbẹ̀ẹ́. Jẹ́jẹ́ ṣí ẹ́ńjìnnì, ó rí i pé omi ti ta sí púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí i. Ó yọ ọ́, ó ń fi ṣẹ́ẹ̀tì nù ún, àmọ́ bí ìgbì ṣe ń mi ọkọ̀, kò rí i dá padà. Ọlọ́kọ̀ gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé e. Wọ́n jọ dè é. Ẹ́ńjìnnì bú jáde.

"Ẹ̀rù ń bà mí," Jẹ́jẹ́ sọ.

"Ó ń ba èmi náà. Kí lo rò pé mo ń wá ṣe ní ṣọ́ọ̀bù ẹ lójoojúmọ́? Ibẹ̀ nìkan ni kì í ti í bà mí."

"Ọlọ́kọ̀ mi, fẹ́ mi."

"Jẹ́ ká délé ná." Ojú rẹ̀ ò kúrò lára ìgbì. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó ní, "Mo gbà."

Òjò lù wọ́n títí wọ́n fi rí ilẹ̀. Ibi tí wọ́n fi ìyá sí ló ṣì wà, omi ń ro lára rẹ̀. Kò wo ẹja. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ sọ àdéhùn wọn fún un, ó di ọwọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mú, ó fún un pinpin.

"Ọmọ kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀rù fún tẹ́lẹ̀," ó ní. "Ó ti di méjì báyìí."