Orin Tí Sọ̀fíyàt Pè Ní Tirẹ̀

"Bí wọ́n bá bi ọ́, sọ pé ìwọ lo ṣẹ̀dá rẹ̀," Débọ́lá sọ sí Sọ̀fíyàt ọ̀rẹ́ rẹ̀ létí. "Ta ló fẹ́ mọ̀? Ṣebí bàbá yín àgbà ò tíì kọ orin náà síta rí."

Ẹ̀yìn ìtàgé ni wọ́n wà, níbi ìdíje orin àwọn ọ̀dọ́ ní Ìsẹ́yìn. Orin tí ọmọ fúnra rẹ̀ bá ṣẹ̀dá nìkan ni wọ́n ń gbà, ẹni tó bá sì gbégbá orókè yóò lọ kọ́ iṣẹ́ orin ní Ìbàdàn lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tí Sọ̀fíyàt ṣẹ̀dá kò dára: wọ́n ń dún bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù. Ló bá gbé èyí tí bàbá ìyá rẹ̀ ń tò lọ́wọ́.

Bàbá Ràmọ́nì ni bàbá ọ̀hún. Àtìgbà èwe ló ti ń kọ orin rọ́ọ̀kì, orin onígìtá tó ń han bí ẹ̀rọ ìlọta. Àwa àgbàlagbà a fi ọwọ́ dí etí, ìdí wa a sì máa jó ní tiẹ̀. Ó kọ ọ́ yí Ìbàdàn àti Èkó ká kó tó padà wálé. Kò sì sí ìtàgé tó gùn tí kì í kọ́kọ́ dárúkọ ibi tí orin rẹ̀ ti ṣàn wá: ìró òfì ìyá rẹ̀, wéré tó ń jí i ní sáàrì, fèrè ọmọ Fúlàní kan tó ń da màlúù lọ́nà Kíṣí, àti àwo rọ́ọ̀kì tí awakọ̀ kan fi ta á lọ́rẹ.

Èrò a pariwo: "Bàbá, orúkọ ti pọ̀ ju orin lọ! Ẹ ta gìtá!"

Bàbá a rẹ́rìn-ín, a tún máa dárúkọ lọ.

Orin tuntun yìí ló fẹ́ kọ lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́ bá pàdé ní Ìbàdàn. Ó lè jẹ́ orin ìkẹyìn rẹ̀, torí làkúrègbé ti ń lọ́ ọ níka.

"Sọ̀fíyàt Gbádébọ̀!"

Ó jáde. Ta ló rí níwájú bí kò ṣe Bàbá, tí ìyá rẹ̀ mú wá láìsọ fún un! Síbẹ̀, ó ta gìtá. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Nígbà tó parí, gbọ̀ngàn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ wó fún àtẹ́wọ́. Bàbá nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ìka rẹ̀ ṣì ń ta orin náà lórí orúnkún.

"Ṣé ìwọ lo ṣẹ̀dá orin yìí?" Ìyáàfin Àpọ́nlé, olórí adájọ́, bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Obìnrin náà yíjú sí Bàbá. "Bàbá, mò ń gbọ́ ọwọ́ yín nínú rẹ̀. Ta ló ni orin yìí?"

Bàbá wo ọmọ náà títí, kò fẹ́ kí ojú tì í láàárín èrò.

"Tirẹ̀ ni."

"Ó dáa. Orúkọ rẹ̀ la ó fi sí i. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ ọ́ mọ́ láìgbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀."

Bàbá mi orí. Ó ká ìka rẹ̀ kò, ó kì í bọ abẹ́ agbádá.

"Irọ́ ni mo pa!" Ohùn Sọ̀fíyàt bú jáde nínú sípíkà. "Bàbá ló ṣẹ̀dá rẹ̀! Mò ń wò wọ́n ni mo fi mọ̀ ọ́n!"

"Olè! Sọ̀kalẹ̀!" èrò pariwo.

Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀. Ọmọ ìlú Òtù kan ló gba ẹ̀bùn. Débọ́lá? Ó ti yọ́ lọ bí ẹni tó so nínú mọ́ṣáláṣí.

Níta, Sọ̀fíyàt kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Kí ló dé tó o fi jí ohun tí mo fẹ́ fún ọ?" Ohùn Bàbá rẹlẹ̀. "Ìka mi ò ká a mọ́. Ìwọ ni mo fẹ́ mú lọ sí Ìbàdàn, kó o ta á lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo fẹ́ sọ fún ọ lálẹ́ òní."

"Ṣé ẹ ṣì máa mú mi lọ?"

"Rárá, ọmọ mi. Èmi nìkan ni màá lọ."

Lọ́jọ́ Sátidé, ọkọ̀ gbé Bàbá lọ tòun ti gìtá rẹ̀. Sọ̀fíyàt dúró ní gáréèjì títí eruku ọkọ̀ fi rọlẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, òótọ́ tí Sọ̀fíyàt sọ gba orin padà fún Bàbá; kò gba àyè tirẹ̀ padà fún un. Ẹni tó bá fi ìkánjú jí ohun tí wọ́n fẹ́ fà lé e lọ́wọ́, ara rẹ̀ ló jà lólè.