Àwòrán Tí Kò Sọ̀rọ̀

"Kifayah, ṣé o ti fi fóònù kékeré wò ó?" Àǹtí Dorothy, olùkọ́ kọ̀ǹpútà, ló béèrè láti ẹnu ọ̀nà yàrá kọ̀ǹpútà ilé-ìwé wọn ní Ẹrúnmu. "Ṣé o sì ti kọ ọ̀rọ̀ mọ́ àwòrán, kí fóònù ẹni tí kò ríran lè kà á sí i létí?"

"Mo ti ṣe é, mà," ni Kifayah wí.

Kò tíì ṣe é.

Ojú-ewé íńtánẹ́ẹ̀tì tí ilé-ìwé ní kí ó ṣe ló wà níwájú rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìbàdàn fẹ́ kọ́ ogún ọ̀dọ́ agbègbè Ẹgbẹ́dá níṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún kan, ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún méjìdínlógún nìkan ni wọ́n sì fẹ́ gbà. Lórí ojú-ewé yẹn ni àwọn ọ̀dọ́ yóò ti ka ọjọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ máa parí, ibẹ̀ náà ni wọn yóò ti kọ orúkọ wọn. Kifayah ni Àǹtí Dorothy yàn nínú gbogbo kíláàsì, torí pé ọpọlọ rẹ̀ jí pépé.

Kò sì sí ohun tí wọn kò kọ́ ọ. Àǹtí Dorothy ní HTML, èdè tí a fi ń kọ ojú-ewé íńtánẹ́ẹ̀tì, dà bí òpó àti ògiri ilé: òun ló ń sọ pé èyí ni àkọlé, èyí ni ìpínrọ̀, ibí ni kí ènìyàn kọ orúkọ sí. CSS ló ń kun ilé náà lọ́dà, òun náà ló ń mú kí ó fẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, kí ó sì mọ níwọ̀n lórí fóònù. "Ilé tí àlejò ò lè wọ̀," ni wọ́n máa ń wí, "kí lẹwà rẹ̀ wúlò fún?"

Ṣùgbọ́n Múyì, ọ̀rẹ́ Kifayah tí wọ́n jọ ń jókòó, ti fi ojú-ewé ilé-ìwé mìíràn hàn án, èyí tó ń dán gbinrin.

"Tìrẹ yìí dà bí ìwé ìkéde òkú," ni Múyì wí. "Kó gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn sínú àwòrán ńlá kan, kó wuyì."

"Àǹtí ní kí fóònù lè kà á."

"Fóònù ta ni? Ta ló fẹ́ wá wò ó tí kò ní ojú?"

Kifayah mọ ẹni náà. Ajíbádé, ọmọ ilé kejì sí tiwọn, ni. Kíláàsì kan náà ni wọ́n wà kí àìsàn tó gba ojú lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Láti ìgbà náà, ilé ló ń wà, tó ń bá ìyá rẹ̀ bó ẹ̀gúsí tí wọ́n ń tà. Ó ní fóònù kan tó ń ka ohun tó wà lójú rẹ̀ fún un. Kifayah fúnra rẹ̀ ló sọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ náà fún un, ó sì ṣèlérí pé gbogbo ohun tó bá fẹ́ mọ̀ yóò wà lórí ojú-ewé.

Ó rántí rẹ̀ níbi tó jókòó sí. Ó ní bó bá di ọ̀la, òun yóò tún un ṣe. Ó wá kó gbogbo ọ̀rọ̀ náà sínú àwòrán aláwọ̀ ewé kan, ó sì gbé ojú-ewé náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ọ̀gá ilé-ìwé yìn ín níwájú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ìyìn náà wọ̀ ọ́ lára débi pé ọ̀la tó dá di ọ̀túnla, ọ̀túnla sì di ọ̀sẹ̀ méjì.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ìyá rẹ̀ rán an lọ ra ẹ̀gúsí nílé Ajíbádé. Ó bá a lábẹ́ ìbòòji, tó gbé atẹ lé itan.

"Kifayah ni," ni Ajíbádé wí kí Kifayah tó sọ̀rọ̀. "Ṣé ojú-ewé yẹn ti fẹ́ parí? Àràárọ̀ ni mò ń ṣí i. Fóònù á ka orúkọ ilé-ìwé, á ní 'àwòrán', á sì dákẹ́. Mo mọ̀ pé ẹ ṣì ń ṣe é lọ́wọ́. Mi ò fẹ́ máa yọ ẹ́ lẹ́nu."

Kifayah jókòó tì í.

"Ajíbádé, ó ti parí. Ó ti parí lọ́jọ́rú."

"Ojú-ewé náà?"

"Ìforúkọsílẹ̀."

Ajíbádé mú èso ẹ̀gúsí kan, ó bó o, ó mú òmíràn. "Oṣù tó ń bọ̀ ni mo máa pé méjìdínlógún," ló wí jẹ́jẹ́.

Ìyá rẹ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ́ gbogbo rẹ̀. "Mo ti ra ṣòkòtò tó máa wọ̀ lọ," ni wọ́n wí, wọ́n sì wọlé lọ. Wọn kò bú u. Ì bá sàn fún Kifayah ká ní wọ́n bú u.

Lọ́jọ́ Ajé, ó jẹ́wọ́ fún Àǹtí Dorothy. Wọ́n tẹ Ìbàdàn láago lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ogún ọ̀dọ́ ti pé. Wọ́n ṣí ojú-ewé náà lórí fóònù kékeré, ó fẹ̀ ju ojú fóònù lọ, apá ibi tí ọjọ́ ìparí wà kò tilẹ̀ hàn.

"O purọ́ fún mi," ni Àǹtí Dorothy wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Èmi náà jẹ̀bi. Ó yẹ kí n yẹ̀ ẹ́ wò." Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó tì í. "Tún un ṣe."

Ó yọ àwòrán náà kúrò, ó fi HTML to ọ̀rọ̀ náà bó ti yẹ, ó kọ àlàyé mọ́ gbogbo àyè ìkọ̀rọ̀sí, ó sì fi CSS mú un bá ojú fóònù mu. Iṣẹ́ tó ti ń sún síwájú fún ọ̀sẹ̀ méjì kò gbà á ju wákàtí kan lọ. Ohun tó dùn ún jù lọ nìyẹn.

Nírọ̀lẹ́, ó lọ bá Ajíbádé, ó ní kí ó tún ojú-ewé náà ṣí. Fóònù náà kà á geere, títí kan ọjọ́ tó ti kọjá. Ajíbádé gbọ́ ọ tán.

"Ó ń sọ̀rọ̀ báyìí," ló wí.

"Jọ̀ọ́, má bínú."

"Mo gbọ́."

Kò sọ pé òun ti dárí jì í, Kifayah náà kò sì lè béèrè.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tí a bá gbé iṣẹ́ gbogbo ènìyàn lé lọ́wọ́, kí ó kọ́kọ́ ro ti ẹni tí ọ̀nà le fún jù. Irọ́ kékeré lè gba ìyìn fún wa láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí ó sì gba ọdún kan lọ́wọ́ ẹlòmíràn. A lè tún iṣẹ́ tó bàjẹ́ ṣe. Àyè tó ti bọ́ mọ́ ẹnìkejì wa lọ́wọ́, kì í ṣe gbogbo ìgbà la lè dá a padà fún un.