Ìyá Ọkọ Tó Wá Wẹ Ọmọ

Ẹni tó pè mí láti Ajah lọ́jọ́ Àìkú ní ìyàwó Bọ̀sún ọmọ mi lòun. Ó ní òun bímọ ọkùnrin lánàá, ìyá òun ti kú, kí n jọ̀ọ́ wá bá òun wẹ ọmọ. Mo bú sẹ́rìn-ín. Ó ti di ọdún méje tí Bọ̀sún ti kú. Ojú mi báyìí ni wọ́n ṣe da iyẹ̀pẹ̀ bò ó ní Ìṣẹ́yìn. Mo ní kó lọ wá òmùgọ̀ mìíràn lù ní jìbìtì.

Ó fi àwòrán ránṣẹ́. Ọmọ mi ló gbé ọmọ tuntun dání, tòun ti eyín iwájú tó kán lọ́jọ́ tó já bọ́ lórí igi máńgòrò. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Àwa àgbà mọ ohun tó ń jẹ́ akúdàáyà. Ẹni tó kú tí ọjọ́ ẹ̀ ò tíì pé, á lọ síbi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n, á ṣiṣẹ́, á fẹ́yàwó, á bímọ. Ṣùgbọ́n bó bá rí ẹni tó sin ín, tàbí tó gbọ́ ohùn ẹ̀, á pòórá, ó parí nìyẹn. Ó yẹ kí n jókòó sílé. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló máa gbọ́ pé òun ní ọmọ-ọmọ, tí á wá fọwọ́ lẹ́rán? Ṣèyílọ́lá, ìyàwó náà, ní bíríkìlà lọkọ òun, pé lápá ibùdó ọkọ̀ òkun ní Ìbẹ̀jú ló ti ń ṣiṣẹ́, Sátidé nìkan ló ń wálé. Mo pinnu pé màá lọ lọ́jọ́ Ajé, màá sì ti kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì.

Mo wọ rélùwéè ní Mọ́níyà, ọṣẹ dúdú, kànrìnkàn àti òrí wà nínú báàgì mi. Obìnrin tó jókòó tì mí bi mí ibi tí mò ń lọ, mo ní ọ̀dọ̀ ọmọ mi ọkùnrin. Ó ṣàdúrà pé màá bá a láàyè. Mi ò lè ṣe àmín. Ó wò mí títí, ó sì kó ẹrù ẹ̀ lọ sí ìjókòó mìíràn.

Ọmọ dáadáa ni Ṣèyílọ́lá. Ìjọ aláṣọ funfun ló ń lọ. Sùtánà ẹ̀ wà lára ògiri, ṣẹ́ẹ̀tì Bọ̀sún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mo gbé ṣẹ́ẹ̀tì náà símú. Òógùn ọmọ mi ni. Ó ní ọkọ òun sọ pé òun ò lẹ́bí, ṣùgbọ́n òun rí nọ́ńbà mi nínú ìwé kékeré kan. “Màámi” ló kọ síwájú ẹ̀. Lábẹ́ ẹ̀ ló kọ ọ́ sí pé, “Má pè.” Ó ní òun pè ṣá, torí ọmọ gbọ́dọ̀ ní ìyá àgbà. Mo mú un búra pé kò ní sọ fún ọkọ ẹ̀ pé mo wà níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé mo fẹ́ yọ sí i lójijì ni.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, mò ń wẹ ọmọ lọ́wọ́. Mo nà án lápá, mo nà án lẹ́sẹ̀, mo jù ú sókè, oríkì sì bọ́ lẹ́nu mi. Ẹnu mi yìí! Àjàní, Àjàní, bàbá ẹ̀ ni mo ń kì. Ṣèyílọ́lá dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fóònù.

“Màmá, mi ò sọ fún un pé ẹ wà níbí o,” ló wí. “Ẹkún ọmọ ni mo gbà sílẹ̀ tí mo fi ránṣẹ́ sí i, kínú ẹ̀ lè dùn níbi iṣẹ́.”

Mo ní kó pa á rẹ́ kíákíá, ohùn mi ti wà nínú ẹ̀. Ó ní ọkọ òun ti gbọ́ ọ, ó ti fèsì pàápàá. Ó tẹ̀ ẹ́. Ariwo ẹ̀rọ tó ń po kankéré la kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà ni èémí. Lẹ́yìn náà ni ohùn tí mo gbọ́ gbẹ̀yìn lọ́dún méje sẹ́yìn.

“Màámi.”

Ẹ̀rọ náà nìkan ló ń dún lọ, títí ó fi parí.

Ọ̀gá iṣẹ́ ẹ̀ pè nírọ̀lẹ́. Ó ní wọ́n bá ṣòkòtò, bàtà àti akoto ẹ̀ nílẹ̀ níwájú ògiri tó ń mọ lọ́wọ́, sìmẹ́ǹtì ò tíì gbẹ lára ṣọ́bìrì ìmọlé ẹ̀. Ó bi wá bóyá ó ti wálé.

Mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀ fún Ṣèyílọ́lá. Kò gbà mí gbọ́. Àwọn ará ìjọ ẹ̀ wá tan àbẹ́là, wọ́n gbàdúrà fọ́jọ́ mẹ́ta. Ó kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ní, “Màmá, ẹ̀yin lẹ bí i. Ẹ pè é.” Mo máa ń ké pe orúkọ ẹ̀, torí mi ò lè wo ojú ẹ̀ kí n kọ̀.

Ọjọ́ ìkómọ ti kọjá, wọn ò tíì sọ ọmọ lórúkọ, ìyá ẹ̀ ní ó di ìgbà tí bàbá ẹ̀ bá dé. Mi ò lè padà sílé. Mò ń wẹ ọmọ láàárọ̀, mò ń wẹ̀ ẹ́ nírọ̀lẹ́. Ọmọ mọ́kàndínlógún ni mo ti wẹ̀ láyé mi, ọwọ́ mi mọ bí ọmọ ṣe ń wúwo sí i. Èyí ń mu ọyàn dáadáa, ara ẹ̀ ò gbóná, kì í sunkún jù. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ tí mo bá gbé e, ó ń fúyẹ́ ju ti àná lọ. Mi ò tíì sọ fún ìyá ẹ̀.