Ẹ̀dà Mẹ́ta Nínú Ẹ̀rọ Kan

Adéwùnmí ti tẹ ojú ìwé kẹtàlélógójì dé ìdajì nígbà tí kọ̀ǹpútà dákú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó pa á, ó tún tan án. Ẹ̀rọ náà kọ ọ́ síta pé òun kò rí díìsì kankan, ibi tó ń kó iṣẹ́ pa mọ́ sí.

Olúwọlé ọkọ rẹ̀ kò tilẹ̀ gbójú sókè nínú ìwé ìròyìn. "Iná ni. Pa á, kó sinmi."

Ó pa á fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tó tan án, gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ padà wá.

"Ṣé o rí i? Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ìwọ nìkan ni kì í rẹ̀."

"Ìgbà kẹta lọ́sẹ̀ yìí nìyí, Bàbá Fẹ́mi. Ẹ̀rọ yìí ń ṣàìsàn."

Ààlà ilẹ̀ ẹbí wọn ní Ààyè ló ń kọ. Àwọn àgbà á jókòó tì í ní pálọ̀ ní Ùsì, wọ́n á máa sọ ọ́ láti etí odò dé orí àpáta, òun náà á máa tẹ̀ ẹ́. Kò sí ọ̀rọ̀ kan lórí bébà, torí ẹbí ti ní ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá pé ni kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Ní Sátidé, àwọn ará Èkó àti Ìbàdàn ń bọ̀ wá pín ilẹ̀ náà. Bàbá Ọláìtán, ẹnì kan ṣoṣo tó mọ ààlà apá odò, sì ti sọ tirẹ̀ tán kó tó kú lóṣù tó kọjá.

Jọmílójú, ọmọ ẹ̀gbọ́n Adéwùnmí tó ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà níléèwé, ló wọlé.

"Ẹ kú uṣẹ́ o, Màmá. Ṣé ẹ ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀?"

"Mẹ́ta."

"Níbo ni wọ́n wà?"

"Nínú kọ̀ǹpútà níbí. Níbo ni ǹ bá tún kó wọn sí?"

Jọmílójú rẹ́rìn-ín. "Ẹ kó gbogbo iṣu sínú abà kan, ẹ wá tò ó sọ́nà mẹ́ta. Bí abà bá jóná, ọ̀nà wo ló máa ṣẹ́kù?"

Adéwùnmí kò rẹ́rìn-ín. "Kí ló ń ṣe é?"

"Pátákó kékeré kan wà tó ń darí díìsì, òun ló ń bá ẹ̀rọ kó iṣẹ́ pa mọ́. Òun ni mo fura sí. Tí kò bá ṣe é fọkàn tán mọ́, ó lè ní òun ti kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì jẹ́ ìkọkúkọ. Ẹ má tẹ nǹkan kan kún un mọ́."

"Dáramọ́lá tó máa ń tún un ṣe ń bọ̀ ní Mọ́ńdè," ni Olúwọlé wí. "Ẹ dúró dè é."

"Sátidé kò ní dúró dè é," Adéwùnmí dáhùn.

Wọ́n ki fíláàṣì bọ̀ ọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kó iṣẹ́ náà jáde. Ẹ̀ẹ̀mejì ni díìsì pòórá láàárín iṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni Adéwùnmí tún un bẹ̀rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀rọ ní ó ti parí.

"Ọlọ́run ṣeun," ni Olúwọlé wí.

"Ó kù, Dádì." Jọmílójú ń ṣí àwọn fáìlì náà lọ́kọ̀ọ̀kan lórí láàpútọ́ọ̀pù tirẹ̀. Nígbà tó kan ti Bàbá Ọláìtán, àmì játijàti ló kún ojú ìwé.

Adéwùnmí bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó sì tún un wọ̀. "Tún un kó."

Kò dára. Wọ́n mú un láti inú ẹ̀dà kejì, kò dára. Wọ́n pa ẹ̀rọ náà kó tutù, wọ́n mú ẹ̀dà kẹta. Ó ṣí. *Ilẹ̀ wa dé ibi tí odò ti yà sọ́wọ́ òsì, kò kọjá ibẹ̀.* Adéwùnmí kà á sókè títí dé òpin kó tó gbà pé ó pé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ nílé, ẹ má di gbogbo ẹ̀bi ru iná. Bí ẹ̀rọ bá ń sọ díìsì nù, tó tún ń rí i, ìkìlọ̀ ni: ẹ kọ́kọ́ kó iṣẹ́ yín jáde kí ẹ tó pe alátùn-únṣe. Ẹ̀dà tó wà nínú ẹ̀rọ kan náà kì í ṣe ààbò. Ẹ fi ọ̀kan sí fíláàṣì, kí òmíràn sì wà ní ilé mìíràn. Ẹ ṣí i lórí ẹ̀rọ mìíràn, kí ẹ kà á. Ẹ̀dà tí ẹnikẹ́ni kò ṣí wò, ẹ má gbára lé e. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ máa ṣe é.

Adéwùnmí kó iṣẹ́ náà sórí fíláàṣì méjì, ó fi ọ̀kan sílẹ̀ fún ọkọ rẹ̀, ó ní kí Jọmílójú fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí Fẹ́mi ọmọ wọn n'Íbàdàn. Ó di fíláàṣì kejì mọ́ etí ìró, ó sì jáde lọ wọ mọ́tò Ìkọ̀lé, kó lè fi í pa mọ́ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbẹ̀.