Omi Inú Ọpọ́n Òkúta

Ọjọ́ kẹta tí wọ́n sin ọmọ Hawisa sẹ́yìn ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni omi ìrìbọmi inú ọpọ́n òkúta ṣọ́ọ̀ṣì kọ́kọ́ gbẹ. Ìdérí igi tó bo ọpọ́n òkúta náà wà ní títì gbọn-in, kọ́kọ́rọ́ sì wà ní ìbàdí Fádà Warin, nítorí àwọn èèyàn a máa jí omi náà bù lọ ṣoògùn. Fádà pọn òmíràn sí i, ó súre sí i, ó tì í. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó tún ti gbẹ.

Hawisa gbọ́, ó pòṣé. Ọmọ rẹ̀ kò lò ju wákàtí kan lọ láyé. Nígbà tí Ediva agbẹ̀bí rí i pé ẹ̀mí ń bọ́, tí omi ò sì sí nítòsí, ọtí ọkà ló dà sí i lórí, tó fi pe orúkọ Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́. Fádà ní ọtí kì í ṣe omi, bíi kèfèrí lọmọ náà ṣe kú, kò gbọdọ̀ sùn nínú ilẹ̀ mímọ́. Ó mà rọrùn fún un o, láti dájọ́ fún ọmọ tí kò tíì ṣẹ ẹnikẹ́ni!

Ẹ̀ẹ̀rùn mú, gbogbo koríko gbẹ. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Ediva fa Hawisa lọ́wọ́ lọ sẹ́yìn ọgbà. Orí sàréè kékeré náà tutù yọ̀yọ̀.

Hawisa já wọ ṣọ́ọ̀ṣì láàárín ìsìn, ó dúró lábẹ́ àwòrán ọ̀run àpáàdì tí wọ́n yà sára ògiri.

“Fádà, ẹ wá wo ibi tí omi yín ń lọ!”

“Hawisa, rọra. Ilé Ọlọ́run nìyí.”

“Ẹ má ní kí n rọra! Mo ránṣẹ́ sí yín, ẹ ní ẹ ń jẹun. Ẹ jẹ pẹ́pẹ́yẹ tán, ọmọ mi kú tán!”

Ìjọ kùn. Fádà tẹ̀ lé e lọ sídìí sàréè, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀. Aṣọ ọmọ náà ń ro tótó fún omi. Kò jẹrà. Òróró mímọ́ tí wọ́n fi ń ṣe ìrìbọmi ń dán níwájú orí rẹ̀.

“Inú àpótí ara ògiri ni mo ti òróró yìí mọ́,” ni Fádà sọ wúyẹ́wúyẹ́. Ó kúnlẹ̀. “Wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún un. Ẹ jẹ́ ká gbé e wọ ilẹ̀ mímọ́.”

Ediva bú sẹ́kún ayọ̀. Ojú Hawisa ṣì pọ́n.

“Ta ló ṣe é?”

Fádà gbé ọmọ náà jáde nínú sàréè.

“Ẹni tó bá ṣe ìrìbọmi fọ́mọ, ṣebí ó máa ń sọ ọ́ lórúkọ ni? Orúkọ wo ló sọ ọ́? Ta ló bi mí léèrè?”

Ó já ọmọ rẹ̀ gbà, ó gbé e mọ́ àyà, ó sì pè é ní Hamo, orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ ti yàn. Ó pè é lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó pè é lẹ́ẹ̀kẹta, ọmọ náà rọra yí ojú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.