Ìbàdí Ló Ń Ju Àwo

Kì í ṣe ojú ni Jíbrílù fi wo àwo pupa náà lọ́jọ́ yẹn, ẹnu ló fi wò ó. Àwo gba orí rẹ̀ kọjá, ó gba orí igi àgbọn kejì tí ẹnikẹ́ni ò tíì jù ú kọjá rí, ó ń lọ pẹlẹbẹ lójú ọ̀run bí àṣá tó mọ ilé adìẹ tó ń lọ. Ó wá rọra tẹ̀ sósì, ó sì já sínú àgbá.

Ìgbì òkun nìkan ló ń sọ tiẹ̀.

Ọdún 1975 ni, ọdún tí ọkọ̀ tó kó sìmẹ́ńtì wá tò lọ bẹẹrẹ lójú omi Èkó. Jíbrílù àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ló ń ru sìmẹ́ńtì náà ní wáàfù Àpápá. Atukọ̀ Amẹ́ríkà kan ló fún un ní àwo ọ̀hún, àwo rọ́bà tí wọn kì í fi jẹun, jíjù ni wọ́n ń jù ú. Ni àwọn ọmọ wáàfù bá gbé àgbá òfìfo kan lọ sétí òkun lẹ́yìn Ìkòyí, wọ́n rì í mọ́ yanrìn, wọ́n ní ẹni tí jíjù rẹ̀ bá kéré jù kí àwo tó wọ àgbá ló jẹ. Ohun tí wọ́n ń fi ọ̀sán Sọ́ńdè ṣe nìyẹn.

Alápá bí igi ìrókò ni gbogbo wọn. Jíbrílù ló tóbi jù. Ó ní láti bẹ̀rẹ̀ kó tó wọ ilé bàbá ẹ̀, àpò sìmẹ́ńtì méjì ló sì ń rù lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n tó bá ju àwo, àwo á gbọ̀n, á fì, á ṣubú bí ẹyẹ tó mutí yó. Ẹ bá mi wo agbára tó ń làágùn nítorí àwo tí kò wúwo tó ọ̀sàn!

Ẹni tó jù ú wọ àgbá yìí, ọmọbìnrin kan tó ń kọjá lọ pẹ̀lú Ganiat ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni. Àwo ló já síwájú ẹ̀, ó ní kóun dá a padà fún wọn. Kékeré báyìí ni. Bí Jíbrílù bá na apá, yóò gba abẹ́ ẹ̀ kọjá láì tẹ orí ba.

"Sisí, ẹ jọ̀ọ́," Jíbrílù ní, "kí lẹ fi sọ́wọ́?"

Ọmọbìnrin náà gbọn ọwọ́ méjèèjì. "Yanrìn ni. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ fi sápá tó wúwo tó báyìí?"

Ganiat rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Àlímọ̀t lorúkọ ẹ̀. Aránṣọ ni nítòsí Ìga Ìdúngànràn, ààfin ọba Èkó, apẹja ni bàbá ẹ̀ ní Ẹbúté Ẹlẹ́fun. Láti kékeré ló ti ń bá bàbá náà ju àwọ̀n láti inú ọkọ̀. Nígbà tó tún yọ sétí òkun ní Sọ́ńdè kejì, ó ní atẹ́gùn lòun wá gbà. Jíbrílù ò bi í bóyá atẹ́gùn ti tán ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ó ní kó kọ́ òun.

"Ẹ ń fi apá jù ú, Bọ̀dá Jíbrílù," Àlímọ̀t sọ fún un. "Ìbàdí ni ọ̀gá. Apá kàn ń jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni."

Ó kọ ẹ̀gbẹ́ sí àgbá, ó gbé àwo sún mọ́ àyà bí ẹni gbé abọ́ ọbẹ̀ tí kò fẹ́ kó dànù. Ìdí ló kọ́kọ́ yí. Èjìká tẹ̀lé e, apá tẹ̀lé èjìká, ọrùn ọwọ́ ló kẹ́yìn, ó já fìrì bí ìgbà tèèyàn gbọn omi dànù lọ́wọ́. Ó ní àwọ̀n tó bá ti mu omi wúwo ju òun lọ. Bí òun bá fi apá jù ú, òun àtàwọ̀n ni yóò jọ lọ kí ẹja nílé.

Ó pẹ́ kí ìbàdí Jíbrílù tó gbọ́ ìmọ̀ràn. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń bi í bóyá ijó ìyàwó ló ń kọ́. Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, gbogbo ara ẹ̀ yí pa pọ̀, apá gígùn yẹn já, àwo sì lọ. Ó kọjá igi àgbọn, ó kọjá àgbá, ó ń kéré sí i títí ó fi dà bí ẹyọ obì kan lójú oòrùn tó ń wọ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnu Àlímọ̀t ló là sílẹ̀. "Háà," ó wí jẹ́jẹ́. "Apá gígùn kì í ṣe ohun àfiṣeré, tó bá ti mọ ọ̀nà."

"Ìwọ lo fi ọ̀nà hàn án. Àlímọ̀t, mo fẹ́ kó o máa fi hàn mí lọ títí ayé."

Àlímọ̀t wo òkun, ó wo ẹsẹ̀ ara ẹ̀. "Ẹ lọ mú àwo yín wá ná, kí omi má gbé e lọ." Nígbà tí Jíbrílù fi ṣòkòtò tó rin gbingbin padà dé, Àlímọ̀t ní kó lọ sọ fún ìyá tó bí i.

Ìyá Jíbrílù, Àmúdàtù, ló ń ta pọ́nmọ lágboolé wọn ní Ìdúńtáfà. Obìnrin tó sígbọnlẹ̀ ni, tó bá rẹ́rìn-ín, bẹ́ǹṣì á máa bẹ̀bẹ̀. Lọ́jọ́ tí Àlímọ̀t fẹ́ wá kí i, ọkọ̀ ojú omi dá Jíbrílù dúró ní Àpápá, Àlímọ̀t sì ti dé ṣáájú ẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó kí i, àmọ́ kó tó sọ ohun tó bá wá, ìyá ti na garawa sí i pé ọmọ yìí, sáré bá mi pọnmi wá. Àlímọ̀t pọnmi. Ìyá rán an níṣẹ́ ìṣáná, ó lọ rà á. Ta ni yóò sọ fún àgbàlagbà pé òun ò jẹ́ṣẹ́? Ìyá bù pọ́nmọ kan fún un, ó fọwọ́ pa á lórí, ó ní yóò dàgbà, lọ́lá Ọlọ́run.

Orí àpótí ìfọpọ́nmọ ni Jíbrílù bá ìyàwó àfẹ́sọ́nà. Ó ń jẹ pọ́nmọ lọ.

"Màmá, ẹ ti rí i nìyẹn," ó ní. "Òun ni."

Ẹ̀rín tán lójú ìyá. Ìtìjú ló kọ́kọ́ mú un, ẹ̀rù ló tẹ̀lé e. Ó fa Jíbrílù wọlé, ó sì sọ ohun tí kò sọ fún un rí. Afusat, àbúrò òun, kéré bí èyí. Ọkùnrin gàgàrà ló fẹ́, ọmọ olórí ńlá ló lóyún ẹ̀. Ọwọ́ òun ló kú sí, lórí ìkúnlẹ̀.

"Mi ò ní sin òmíràn," ó wí. "Fẹ́ ẹni tó bá ẹ mu."

Àlímọ̀t gbọ́ gbogbo ẹ̀ láti orí àpótí níta, kò wá sétí òkun mọ́. Ó ní òun ò lè wọ ilé tí ìyá ti ń sunkún de òun.

Ṣùgbọ́n Jíbrílù tí kì í ṣẹ́ oúnjẹ kù bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ro ọbẹ̀. Ìyá wò ó títí, agara dá a. Sọ́ńdè kan, òun fúnra ẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Àlímọ̀t, ó ní kó mú òun lọ wo ohun tó gba ọkàn ọmọ òun.

Nígbà tí wọ́n dé etí òkun, ó ti rẹ ìyá. Ó rí àgbá, ó jókòó lé e. Àwọn ọmọ wáàfù dúró pẹ̀lú àwo lọ́wọ́, wọn ò mọ bí wọ́n ṣe máa sọ fún ìyá Jíbrílù pé ibi tí wọ́n ń ju nǹkan sí ló fìdí lé yẹn. Ìyá ní kí wọ́n gbé àwo wá. Ó sán ìró mọ́ra, ó gbé apá, ó jù. Ẹsẹ̀ ara ẹ̀ ló bà.

Ó rẹ́rìn-ín débi pé gèlè tú. "Ẹ wo ara! Ẹ wo ibi tó ju nǹkan dé!"

Àlímọ̀t bọ́ sẹ́yìn ẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìbàdí ìyá mú. Ọwọ́ ò ká a, kò tilẹ̀ dé ìdajì. "Ẹ gbàgbé apá, Màmá. Ibi tí Ọlọ́run kó ọrọ̀ yín sí nìyí. Ẹ yí i."

Ìyá yí i. Àwo fò. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì lọ jìnnà lórí yanrìn. Ìyá wo ọwọ́ ara ẹ̀ bí ẹni tó rí i fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó wá yíjú sí ọmọbìnrin tó dúró lẹ́yìn ẹ̀.

"Ìyá tó bí ẹ, báwo ló ṣe tó?"

"Mo ga jù ú lọ díẹ̀, Mà."

"Ọmọ mélòó ló bí?"

"Àwa méje. Gbogbo wa la wà láyé." Àlímọ̀t rẹ ohùn sílẹ̀. "Mi ò lè bá yín ṣàdéhùn ohun tó wà lọ́wọ́ Ọlọ́run, Mà. Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn."

Ìyá jókòó padà. "Látìgbà tí Afusat ti kú," ó ní, "ojú ni mo fi ń wọn èèyàn. Mi ò béèrè rí."

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, àgboolé Ìdúńtáfà kọrí sí Ẹbúté Ẹlẹ́fun láti tọrọ ìyàwó. Ìyá Àlímọ̀t jáde sí wọn, tínńtín bí abẹ́rẹ́. Àmúdàtù ò dúró kí ẹnikẹ́ni sọ fún un. Ó fi eékún méjèèjì lélẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, nígbà tó sì kúnlẹ̀ tán, orí òun àti ti ìyá kékeré tó dúró yẹn ṣe déédéé. Jíbrílù ń wò wọ́n lẹ́yìn.

"Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́," ìyá Àlímọ̀t ní. "A ti gbọ́. A ti fún yín."

"Ẹ jẹ́ kí n wà nílẹ̀ díẹ̀ sí i," Àmúdàtù dáhùn. "Ibí ni mo ti ń rí yín dáadáa."