Ọ̀rọ̀ Kẹ́lẹ́ Nídìí Ẹ̀rọ Pákó

Bí irọ́ kan bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kí irùngbọ̀n mi hù sí àtẹ́lẹsẹ̀! Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ mọ̀ pé nínú gbogbo kafíńtà ayé yìí, kò sí olóhùn bíi tèmi. Bí mo bá sín, pákó á là sí méjì, a ò ní wá ayùn.

Láàárọ̀ ìjẹta, àbúrò mi obìnrin bá mi sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́, omi ń bẹ lójú ẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá mi, mo tún fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnì kankan. Ẹnu ara mi ni mo fẹ́ fi sọ fún Màámi."

Mo ní kò séwu.

Tó bá dọ̀sán ní ṣọ́ọ̀bù wa, tí ẹ̀rọ tó ń fá pákó bá ń ké, ẹni tó bá fẹ́ sọ àṣírí, àfi kó pariwo ẹ̀ síni létí. Mo fa Òpó-Iná, ọ̀rẹ́ mi gíga tá a jọ ń ṣiṣẹ́, mọ́ra. Bí mo ṣe lanu báyìí, iná lọ, ẹ̀rọ dákẹ́. Ohùn mi ò mọ̀ pé iná ti lọ:

"Àbúrò mi tún fìdí rẹmi! Orí ẹ̀ le ju igi ìrókò lọ!"

Àdúgbò mẹ́tàdínlógún ló gbọ́. Ọ̀rẹ́ Màámi tó wá gba àga ẹ̀ patẹ́wọ́. "Háà! Ìyá yín mọ̀?"

Mo yíjú. Àbúrò mi ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, abọ́ oúnjẹ mi lọ́wọ́ ẹ̀.

Ibi tí mo ti ń wá ihò tí mo máa wọ̀, ọ̀gá wa na ìwé sí mi. "Ìwọ olóhùn, ka ìwọ̀n ilẹ̀kùn yìí ká gbọ́."

Ẹ̀yin mọ̀ pé mi ò mọ̀wé. Ọ̀gá ò mọ̀. Àbúrò mi ló máa ń yọ́ ọ kà fún mi. Bó bá sọ pé "Kò mọ̀wé" péré, ó ti gbẹ̀san.

Ó rìn wá bí ẹni fẹ́ gbé abọ́ fún mi, ó fẹnu kàn mí létí. "Gígùn, ẹsẹ̀ bàtà méje. Fífẹ̀, mẹ́ta." Jẹ́jẹ́, bí ẹni ń fẹ́ atẹ́gùn sójú ọmọ tuntun.

Mo tún un sọ. Ọ̀gá ní, "O káre!"

"O káre" yẹn gún mi ju ìṣó lọ. Nígbà tí mo gbójú sókè, àbúrò mi ti lọ.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ tá a jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì já lu ọ̀rọ̀ mi: "O wá ti bẹ̀ ẹ́?"

"Ọjọ́ kẹta rèé. Mi ò rí ohùn."

"Ìwọ tó ń fi ohùn la pákó! Àbí o ò gbọ́ pé bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́? Ìwọ ni ògiri ẹ̀, o sì lanu. Bí ẹnì kan bá fi àṣírí pa mọ́ sí ọ nínú, má tú u. Dìde lórí bẹ́ǹṣì yìí! Rọra sọ fún un bó ṣe rọra sọ fún ẹ. Máa lọ sílé!"